Ẹ Sanwó Ọbẹ̀, Ẹ Ò Bù Ú Jẹ

Ta ló sọ fún yín pé sàráà ni ìtọ́jú NHS, ètò ìlera ìjọba nílẹ̀ yìí? Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jápa dé ìlú Ọba ni mo ń bi, ẹ̀yin tí ẹ bá rí ilé dókítà lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ ó yà bàrá sí òdìkejì títì. Kí físà yín tó jáde ni ẹ ti sanwó ìlera tí wọ́n ń pè ní IHS. £1,035 ni lọ́dún kan fún àgbàlagbà. £776 ni fún akẹ́kọ̀ọ́ àti fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Tọkọtaya tó kó ọmọ méjì dání wá lórí físà iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́ta ti ka £10,866 sílẹ̀ kí wọ́n tó fojú kan Heathrow. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá ka másítàsì ọlọ́dún kan, tí wọ́n fún ní físà oṣù 16, £1,164 ló san. Ilẹ̀ baba ẹlòmíì ló lọ sí i. Ẹlòmíì ta mọ́tò, ó ta jẹnẹrétọ̀, ó tún bẹ olórí àjọ kó jẹ́ kóun kọ́kọ́ kó. Ẹ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tán, wọ́n tún ń gé owó orí àti National Insurance lára owó oṣù yín. Ẹ sanwó ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ wá lọ jókòó sí kọ̀rọ̀, ẹ ń fi omi gbé ẹ̀bà mì.

Ẹ̀yin tí ẹ wá lórí físà Health and Care, ìjọba kò gba IHS lọ́wọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ kan náà lẹ ní. Nítorí náà ẹ má ṣe bíi pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín.

Ìwọ yìí, o ti lo oṣù mélòó kan ní Leeds, o ò tíì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP kankan, ìyẹn dókítà àdúgbò. O ti forúkọ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. O ti wọ ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀, o tilẹ̀ ti ń san owó aṣọ ẹbí. O mọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹran ewúrẹ́ tí wọ́n fi iná jó, o mọ ẹni tó ń ṣẹ́ náírà ní iye tó dáa ju ti bàǹkì lọ. Bí a bá bi ọ́ léèrè GP, o ó ní, "Ara mi le, Mà, kò sí nǹkan tó ń ṣe mí." Ta ló ní nǹkan ń ṣe ọ́? Ìgbà tí ara le ni à ń forúkọ sílẹ̀. Ọjọ́ tí inú rírun bá dá ọ dùbúlẹ̀ ní aago méjì òru, ṣé ọjọ́ náà ni o fẹ́ máa wá fọ́ọ̀mù kiri?

Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kò ju ìdajì wákàtí lọ, ọ̀fẹ́ sì ni. Ní England, kò sí dandan pé kí o mú páásípọ́ọ̀tù wá, tàbí ìwé ilé, tàbí físà, kí GP tó gbà ọ́. Bí akọ̀wé wọn bá ní àfi dandan, má ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀, má sì ṣe bẹ̀rẹ̀ ìjà. Sọ fún un jẹ́jẹ́ pé ìlànà NHS fúnra rẹ̀ kò béèrè rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́ nítorí pé àwọn èèyàn ti pọ̀ jù lórí ìwé wọn, tàbí pé ilé rẹ ti jìnnà jù, wọ́n ní láti kọ ìdí náà sílẹ̀ fún ọ. Kí o gba èkejì lọ. Ìgbà tí o bá wà lórí ìwé ni lẹ́tà tó lè gba ẹ̀mí rẹ là yóò máa wá ọ wálé: lẹ́tà àyẹ̀wò ẹnu ilé ọmọ fún obìnrin láti ọmọ ọdún 25 títí dé 64, lẹ́tà àyẹ̀wò ìlera fún ẹni ogójì ọdún títí dé 74. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní Òṣogbo ì bá sanwó gọbọi kí wọ́n tó ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ fún un. Wọ́n ń gbé e wá bá ìwọ nílé, o ò sì sí níbi tí wọ́n ti ń pe orúkọ.

Mo mọ ibi tí ẹ ti kó ìbẹ̀rù yìí wá. Nílé, ẹni tó bá gbé aláìsàn dé ọsibítù, owó káàdì ni wọ́n kọ́kọ́ ń bi í. Lẹ́yìn káàdì, ó kan ìbọ̀wọ́, ó kan òwú, ó kan abẹ́rẹ́, ó kan kí ẹnìkan sáré lọ sí kẹ́míìsì iwájú géètì. Òfin NHIA ti ọdún 2022 ní dandan ni kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ìnṣọ́ránsì ìlera. Ẹ ka àwọn tó ní in ní àdúgbò yín, kí ẹ wò ó bóyá ìka ọwọ́ kan á kún. Ẹni tó ti irú ibẹ̀ wá kò lè ṣe kó máà bẹ̀rù ilé ìwòsàn. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù Nàìjíríà lẹ gbé wọ bàálù o, ẹ ti dé, ẹ kò sì tíì sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ níbí, ẹ má rò pé mo gbàgbé yín. Ẹ̀yin gan-an lẹ ń kó ọ̀rọ̀ sí wọn létí. "Má lọ forúkọ sílẹ̀ o, Home Office á mọ ibi tí o ń gbé." Ọ̀rọ̀ náà ní orísun, n kò ní í parọ́ mọ́ yín. Lọ́dún 2017, àdéhùn kan fìdí múlẹ̀ láàárín Home Office àti NHS Digital, tí wọ́n fi ń gba àdírẹ́sì àwọn tí wọ́n ń wá nítorí ìwé ìgbélùú. Àwọn dókítà pariwo, ìgbìmọ̀ aṣòfin tó ń rí sí ìlera náà pariwo, wọ́n sì fòpin sí i ní 2018. Láti ìgbà yẹn wá, ẹ̀yin ṣì ń fi dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ tí físà rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́, tó sanwó IHS rẹ̀ pé pérépéré. Ṣé ẹ̀yin fúnra yín ò ní GP ni? Ẹ ní. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, ibẹ̀ lẹ ti ń gbà á lóṣooṣù. Ẹ wá ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín.

Ẹni tí ìwé rẹ̀ tilẹ̀ ti parí pàápàá, GP lè gbà á, kò sì ní san kọ́bọ̀ láti rí dókítà níbẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni A&E (ẹ̀ka pàjáwìrì ọsibítù) fún gbogbo èèyàn, títí di ìgbà tí wọ́n bá dá a dúró sórí bẹ́ẹ̀dì. Ikọ́ ẹ̀gbẹ, HIV, ibà: ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti ìtọ́jú wọn fún onílé àti àlejò. Ohun tó ń mú owó wá ni ìtọ́jú inú ọsibítù fún ẹni tí kò ní ẹ̀tọ́ sí i. Aboyún tó wà nínú irú ipò bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ fara pamọ́ sínú yàrá ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí ọjọ́ ìrọbí, nítorí wọn kò gbọdọ̀ lé e padà nítorí owó. Ìwé owó lè tẹ̀ lé e nígbẹ̀yìn, wọ́n sì lè bá a ṣètò bí yóò ṣe máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá wà láàyè ló ń san gbèsè.

Ó sì ń dùn mí nígbà tí mo bá rí yín tí ẹ ń wólẹ̀ níbi tó jẹ́ pé àwọn ìyá yín wà lára àwọn tó fi ọwọ́ ara wọn gbé e dìde. Kí wọ́n tó ṣí NHS ní oṣù Keje ọdún 1948, Kofoworọla Abẹ̀ní Pratt, ọmọ Èkó, ti ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní St Thomas' ní London láti 1946. Òun ni ọ̀pọ̀ òpìtàn kà sí nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú NHS. Ó padà sílé, ó sì di mátírọ́ọ̀nù ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ ní UCH Ìbàdàn. Ṣáájú rẹ̀, Ọmọba Adémọ́lá, ọmọbìnrin Aláké Ẹ̀gbá, ti ń tọ́jú aláìsàn ní London lásìkò ogun Hitler. Wọ́n tilẹ̀ ṣe fíìmù nípa rẹ̀. Bí ẹ bá sì wọ wọ́ọ̀dù èyíkéyìí lónìí, ẹ ó gbọ́ ohùn ọmọ Ìjẹ̀ṣà lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Kí wá ni ẹ ń yọ́ rìn fún?

Ẹ jẹ́ á dé orí àpótí oògùn, nítorí ibẹ̀ ni inú ti ń bí mi jù. Àpótí kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín: amoxicillin tí àbúrò rà ní Mushin láìsí ìwé dókítà, oògùn ibà tí déètì rẹ̀ ti ń lọ, ìgò àgbo jẹ́díjẹ́dí tí ẹ fi ọ̀rá mẹ́ta dì kó má baà rùn ní kọ́sítọ́ọ̀mù. Bí ara bá gbóná, ẹ ó fi ohùn ránṣẹ́ sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín lórí WhatsApp, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ní kẹ́míìsì nígbà kan rí, òun ni yóò sì sọ iye tí ẹ máa lò. Ọmọ ọdún mẹ́rin lẹ fún lára rẹ̀ o! Nígbà tí ẹ wá gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ dókítà, tó béèrè bóyá ó ti lo nǹkan kan, ẹ ní rárá. Dókítà yóò wá máa ṣiṣẹ́ lórí irọ́ yín.

Apoògùn tó wà ní òpópónà yín, ẹ rò pé ìpara àti ọṣẹ ìfọyín ló ń tà. Ó kàwé o. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 2024 ni ètò tí wọ́n ń pè ní Pharmacy First ti bẹ̀rẹ̀ ní England: apoògùn lè tọ́jú ọ̀fun dídùn, etí dídùn ọmọdé, ìtọ̀ gbígbóná obìnrin, àti irú àìsàn bẹ́ẹ̀ méje lápapọ̀, ó sì lè fún yín ní oògùn apakòkòrò láìjẹ́ pé ẹ rí GP. Bí ẹ bá sì ti pé ogójì ọdún, ó lè wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ ń kọjá níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́ lọ wọ bọ́ọ̀sì.

Ẹ ó ní owó oògùn ń kọ́? Lóòótọ́, IHS kò bo ìyẹn, kò sì bo eyín. Ní England, £9.90 ni wọ́n ń gbà lórí oògùn kọ̀ọ̀kan. Ní Scotland, Wales àti Northern Ireland, ọ̀fẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló gbé etí sílẹ̀ gbọ́ ìyókù? Aboyún kì í san, ìyá ọmọ kì í san títí ọmọ á fi pé ọdún kan, bó bá ti gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́ agbẹ̀bí. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ kì í san, bí òun náà bá ti gbàwé. Ẹni tó ń lo oògùn púpọ̀ lè san £114.50 lẹ́ẹ̀kan fún ọdún kan gbáko, kó máa gba iye tó bá fẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí owó ń ta lójú lè kọ fọ́ọ̀mù HC1. Bí wọ́n bá rí i pé owó tó ń wọlé fún un kéré lóòótọ́, wọ́n á fún un ní ìwé HC2, oògùn àti eyín á di ọ̀fẹ́. Gbogbo èyí wà nílẹ̀ gbalaja. Dípò kí ẹ kọ fọ́ọ̀mù, ẹ lọ ń sàmì sí ẹ̀yìn ìwé oògùn pé ẹ kò yẹ lẹ́ni tó ń sanwó, nítorí pé ọ̀rẹ́ yín ní wọn kì í yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ìtanràn rẹ̀ lè tó £100, yàtọ̀ sí owó oògùn náà.

Ti A&E, ọ̀nà méjì lẹ fi ń ṣìnà. Àwọn kan yóò gbé katá lọ síbẹ̀, wọ́n á jókòó fún wákàtí mẹ́jọ, wọ́n á wá délé sọ pé òyìnbó kò ka aláwọ̀ dúdú sí. Katá ni ìwọ gbé lọ síbi tí wọ́n ti ń gbé ẹni tí mọ́tò gbá wọlé! 111 ni kí o pè. Ọ̀fẹ́ ni, tọ̀sán-tòru ni, wọ́n á sì sọ ibi tó yẹ kí o lọ. Àwọn kejì ló ń bà mí lẹ́rù. Àyà ń dùn wọ́n, ó ń ta wọ́n lọ sí apá, wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ parí ṣíìfù. Ẹnu ti wọ́ sápá kan, wọ́n ń pe pásítọ̀. Ẹ pe 999 kí ẹ tó pe pásítọ̀. Òun náà á gbàdúrà nínú áńbúláǹsì. Ẹ kò ní san owó áńbúláǹsì, tí ìyẹn bá ni ẹ ń rò.

Ẹ wá dé iwájú dókítà níkẹyìn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ló ní fún yín. Ó ní, "Báwo ni?" Ẹ ní, "Dáadáa ni." Dáadáa ni, lẹ wá ń ṣe kí níbẹ̀? Ìwà ọmọlúàbí ni kí a kí èèyàn pé a wà dáadáa, àmọ́ ìyẹn, ẹ fi í sílẹ̀ fún ojúde ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ìyàwó, ọkọ ló ń sọ̀rọ̀. Màmá kò gbọ́ èdè, ọmọ ọdún mọ́kànlá lẹ ní kó ṣe ògbufọ̀. Ṣé ọmọ yẹn ni yóò sọ fún dókítà pé ojú ara ń yún màmá àgbà? Ẹ béèrè ògbufọ̀ nígbà tí ẹ bá ń gba ọjọ́ ìpàdé. NHS ló ń sanwó rẹ̀, wọ́n sì lè rí ẹni tó gbọ́ Yorùbá fún yín. Akọ̀wé tó ń bi yín lórí fóònù pé kí ló ń ṣe yín kì í ṣe olófòófó. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá dókítà ni tàbí nọ́ọ̀sì ni, bóyá òní ni tàbí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ún.

Bí wọn kò bá sì fetí sí yín, ẹ má dákẹ́. N kò sọ pé ilé náà kò ní àlèébù. Ìròyìn kan tí àwọn aṣòfin gbé jáde ní 2021 fi hàn pé wọn kì í ka ìrora àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde sí bó ṣe yẹ. Ìwọ̀n tí àwọn obìnrin dúdú fi ń kú nínú oyún àti lẹ́yìn ìbímọ ju ìlọ́po méjì ti aláwọ̀ funfun lọ. Nítorí náà, ìwọ tí jẹ́nótáìpù rẹ jẹ́ SS, sọ ọ́ lọ́jọ́ tí o bá ń forúkọ sílẹ̀, kí o sì tún un sọ ní A&E. Ìwọ aboyún tí orí ń fọ́, tí ojú ń ṣú, tí ẹsẹ̀ wú, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi paracetamol lé ọ padà sílé láìwọn ẹ̀jẹ̀ rẹ. Ẹ̀yin ọkùnrin náà, ẹ fetí sílẹ̀: ọ̀kan nínú ọkùnrin dúdú mẹ́rin ni jẹjẹrẹ próstéètì ń bá jà nílẹ̀ yìí, nígbà tó jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́jọ láàárín gbogbo ọkùnrin. Bí ẹ bá ti pé ọdún 45, ẹ lọ bá GP sọ̀rọ̀ nípa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ ò ní lọ. Ẹ ní wọ́n á fi ìka bọ yín nídìí. Ẹ̀jẹ̀ apá ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà, ẹ̀yin akọni.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn ìyá tí ẹ ń pè wá wẹ ọmọ. Ẹni tó wá lórí físà àbẹ̀wò kì í san IHS, nítorí náà kò ní ẹ̀tọ́ kan náà. Bí wọ́n bá dá Màmá dúró ní ọsibítù, ìdá 150 nínú ọgọ́rùn-ún iye ìtọ́jú náà ni wọ́n máa kọ fún un. Gbèsè tó bá tó £500, tí a kò san, lè mú kí wọ́n fi físà du ú lọ́jọ́ iwájú. Ẹ̀yin tí ẹ ra bàtà àti báàgì dè é, ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò ń kọ́? Ẹ rà á kó tó wọ bàálù, kí ẹ sì kọ ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, torí bí ẹ bá fi pamọ́, wọn kò ní sanwó. Kó mú oògùn rẹ̀ tó máa tó o títí yóò fi padà. Àwọn kan nínú yín ti gbọ́n jù: wọ́n á fi orúkọ Àǹtí Bọ́lá gba ìtọ́jú fún Màmá. Yàtọ̀ sí pé jìbìtì ni, àìsàn Màmá ti wọ ìwé Àǹtí Bọ́lá nìyẹn. Lọ́jọ́ tí Àǹtí Bọ́lá bá dákú ní títì, oògùn tí ara Màmá kọ̀ àti èyí tí ara rẹ̀ gbà ni wọ́n máa kà ní orí Àǹtí Bọ́lá.

Oṣù Kejìlá sì ń bọ̀, ẹ ó tún ya lọ sí Èkó fún òde àríyá. Ẹ ní ibà kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Ẹ ti pẹ́ nílé òtútù. Agbára tí ara yín fi ń bá a jà ti ń dínkù. Lọ́dún 2023 nìkan, àwọn tó gbé ibà wọ ilẹ̀ yìí ju 2,000 lọ, ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti kó o. Ẹ ra oògùn ìdènà kí ẹ tó lọ. Owó yín ni, ó sì kéré sí owó aṣọ ẹbí kan. Bí ara bá gbóná lẹ́yìn tí ẹ padà dé, dókítà ọmọ Newcastle kò ní ronú kan ẹ̀fọn nínú oṣù Kìíní, katá ni yóò pè é. Ẹ pe 111 lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa jáde lẹ́nu yín jẹ́ pé Nàìjíríà lẹ ti dé.